Báàsì ń tẹ̀ lé ìjẹ mi, kò gbé e mì: kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

ỌmọẸ̀pẹ́ | 14 Oṣù Keje, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, etí ọ̀sà ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ń ju àwọ̀n, èmi náà sì ti mọ ìwọ̀ dẹ kí n tó mọ ìwé kà. Ọdún kẹta mi rèé ní Dallas. Oṣù karùn-ún ọdún yìí ni mo ra ọ̀pá ìwọ̀, mo gba láísẹ́ǹsì, láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí Lake Ray Hubbard lọ́jọ́ Sunday tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Báàsì ni mò ń wá, èyí tí wọ́n ń pè ní largemouth. Kì í ṣe pé n kò rí wọn. Lọ́jọ́ tí omi bá tòrò lẹ́bàá àwọn òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà I-30, mo ń fi ojú ara mi rí ẹja tó gùn láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọmọ ìka. Bí mo bá ju ìjẹ, á yọjú, á tẹ̀ lé e bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún mẹ́fà, á wá yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹja méjì péré, kékeré ni méjèèjì, oṣù karùn-ún ni mo sì ti pa wọ́n. Crankbait ni mò ń lò, ẹja oníke kékeré tó ní ètè níwájú tó ń mú un rì bí èèyàn bá ń fà á.

Àrọ̀ àti epìyà kò ṣe báyìí sí wa nílé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹja yìí ń jẹ, ìgbà wo ló sì ń jẹun?

Baba_Fork | 14 Oṣù Keje, 9:40 alẹ́

Àbúrò, káàbọ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, dá mi lóhùn. Aago mélòó lo máa ń dé etí omi? Kíákíá lo ń fa ìjẹ ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Kí lo tún rí nínú omi yẹn yàtọ̀ sí báàsì?

ỌmọẸ̀pẹ́ | 14 Oṣù Keje, 9:58 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Aago kan ọ̀sán sí aago mẹ́rin ni. Kíákíá ni mò ń fà á, torí mo rò pé bí ìjẹ bá ń sá, ẹja á fẹ́ lé e bá. Mo rí àwọn ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bí fàdákà, wọ́n ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Mo tún rí ohun kan láàrin òkúta tó dà bí edé ṣùgbọ́n tó ní ọwọ́ bíi ti akàn.

Baba_Fork | 15 Oṣù Keje, 5:30 àárọ̀

O ti rí oúnjẹ rẹ̀ kó o tó bi mí. Ẹja fàdákà yẹn ni shad. Ekejì ni crawfish. Kì í ṣe edé gbígbẹ tí a ń dà sọ́bẹ̀, inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé, abẹ́ òkúta sì nilé rẹ̀. Fi bluegill kún un, ẹja pẹlẹbẹ kan tó jọ epìyà kékeré. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń bọ́ báàsì jù ní Texas. Ṣùgbọ́n kò ṣa oúnjẹ: ọ̀pọ̀lọ́, eku tó já sómi, ejò kékeré, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, lámilámi, ohun tó bá ṣáà ti gba ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, àwọn ohun tíntìntín inú omi tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló ń jẹ. Ó dàgbà díẹ̀, ó bọ́ sórí kòkòrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló di ajẹja.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ dáadáa ni pé báàsì ẹlẹ́nu ńlá yìí kì í sábà lé oúnjẹ kiri. Ó máa ń ba ni, bí ológbò ṣe ń ba de eku. Wo ara rẹ̀: àwọ̀ ewé, ìlà dúdú gbọọrọ ní ìhà. Bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó sómi, ojú rẹ á kọjá lára rẹ̀. Inú òjìji ló máa ń dúró sí, á kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí oúnjẹ bá sún mọ́ ọn tán, á la ẹnu gbàgà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi á ya wọ ibẹ̀, á wọ́ oúnjẹ náà wọlé. Kì í bù ú jẹ, ó ń fà á mu ni. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Bí ohun tó wọ ẹnu rẹ̀ bá wá le tí kò bá a lára mu, bó ṣe yára gbà á náà ló ṣe máa yára tu ú. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ẹja kò jẹ nígbà tó ti jẹ tó sì ti tu ú kí ọwọ́ wọn tó mọ̀.

Wàyí o, oṣù keje la wà. Báàsì kò ní ooru tirẹ̀ lára. Bí omi ṣe gbóná sí ni òun náà ṣe gbóná sí. Ojú omi ní Texas báyìí lè kọjá 85 Fahrenheit. Inú rẹ̀ ń tètè da oúnjẹ, nítorí náà ó ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n àkókò tó fi ń jẹ ẹ́ kúrú: kí oòrùn tó ràn dáadáa, nígbà tó bá ń wọ̀, àti òru. Àwọn ńlá tún máa ń sọ̀kalẹ̀ síbi tó jìn díẹ̀. Wọn kì í lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí lásìkò ooru, ọ̀pọ̀ adágún máa ń pín sí méjì, omi tútù ìsàlẹ̀ kì í sì í ní atẹ́gùn tó ẹja í mí. Èyí tó ò ń rí lágbedeméjì ọ̀sán létí òkúta ti jẹun tán. Ìjẹ rẹ kọjá, ó tẹ̀ lé e láti wò ó, ó rí i pé kò jọ nǹkan tó yẹ kóun fi agbára òun lé, ó padà.

Dìde ní kùtùkùtù. Fi crankbait sílẹ̀ ná. Ra ekòló oníke, gígùn ínǹṣì mẹ́fà tàbí méje, fi òjé kékeré ọlọ́rí ṣóńṣó síwájú rẹ̀, kó o ti ẹnu ìwọ̀ padà sínú ara ekòló kó má baà máa kọ́ igi. Texas rig ni wọ́n ń pè é. (Nick Creme ló ṣe ekòló oníke ní Akron, Ohio, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kó wá sí Tyler ní Texas níbí nígbà tó yá, inú mi máa ń dùn bí mo bá ń gba ìlú náà kọjá.) Jù ú sẹ́bàá òkúta, jẹ́ kó rì dé ilẹ̀. Má fà á. Kà dé ogún. Gbé ṣóńṣó ọ̀pá sókè díẹ̀, jẹ́ kó tún rì. Nígbà tó bá ń rì ni báàsì máa ń gbà á jù, nítorí náà máa wo okùn: bó bá ta pọ́n tàbí tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fà!

ÌyáÌbejì_Atlanta | 15 Oṣù Keje, 12:05 ọ̀sán

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní àfikún, torí ohun tí mò ń rí ní Lake Lanier, ní Georgia níbí, yàtọ̀. Spotted bass ló pọ̀ níbẹ̀, oúnjẹ wọn sì ni blueback herring, ẹja tó ń rìn káàkiri ojú agbami. Àwọn báàsì yìí ń lé e! Wọ́n á kóra jọ, wọ́n á ká herring mọ́ ojú omi, omi á máa hó bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sí i. Bí ẹ bá fi ekòló rì sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òfo lẹ máa bá délé. Ìjẹ orí omi ni mò ń jù, mo sì ń fà á kíákíá.

Baba_Fork | 15 Oṣù Keje, 12:31 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ, ìyá wa. Oúnjẹ ló ń pinnu ìwà ẹja. Ti crawfish, abẹ́ òkúta. Ti bluegill, inú koríko. Ti herring, ojú agbami. Largemouth náà máa ń kóra jọ lé shad bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́.

Kọ́lá_Maryland | 15 Oṣù Keje, 7:17 alẹ́

Smallmouth, báàsì ẹlẹ́nu kékeré, ni tèmi, lókè odò Potomac. Ẹ wo ẹnu wọn: ti largemouth kọjá ẹ̀yìn ojú bó bá pa ẹnu dé, ti smallmouth kò dé ibẹ̀. Crawfish ni wọ́n fẹ́ràn jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn àpáta tó bá fọ́ agbára omi ni wọ́n máa ń dúró sí, kí odò máa gbé oúnjẹ wá bá wọn. Bí mo bá ju ìjẹ sí wọn níwájú, tí omi ń gbé e bọ̀, wọ́n á gbà á. Bí mo bá ń fà á lòdì sí bí omi ṣe ń ṣàn, wọn ò ní wò ó, torí crawfish wo ló ń wẹ̀ lọ sókè odò?

ỌmọẸ̀pẹ́, àwọn ẹja kékeré méjì oṣù karùn-ún yẹn, ṣé o lè sọ ibi tó o ti pa wọ́n?

ỌmọẸ̀pẹ́ | 15 Oṣù Keje, 7:44 alẹ́

Ibi tí omi ò ju orúnkún lọ. Ojú kan náà ni méjèèjì wà, bí mo ṣe ń jù ú ni wọ́n ń fi ìbínú kọlù ú.

Olùkọ́_Ẹja | 16 Oṣù Keje, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì nílé, mo sì ń ṣe é níbí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjì yẹn jẹ́ akọ. Bí omi bá ti tó nǹkan bí 60 Fahrenheit nígbà ìrúwé títí lọ sí 75, akọ báàsì á fi ìrù gbá ilẹ̀ odò mọ́ bí àwo, abo á wá yé sí i, á sì lọ. Akọ ló ń dúró ti ẹyin, ló sì tún ń dúró ti àwọn ọmọ tó bá jáde nínú rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, oúnjẹ kò jọ ọ́ lójú. Ohun tó bá sún mọ́ ilé rẹ̀ ló ń bá jà, bluegill pàápàá, torí ọ̀gá olè ẹyin ni. Kì í ṣe ebi ló mú un kọlu ìjẹ yín.

Ìdí rèé tí èmi kì í fi dẹ ìwọ̀ sí ẹja tó ń ṣọ́ ẹyin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí akọ bá fi kúrò níbẹ̀, bluegill ti kó ẹyin jẹ. Òfin Texas kò ka èyí léèwọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á.

Lórí èyí tó ń tẹ̀ lé ìjẹ tó sì ń yí padà: báàsì ń kọ́ ẹ̀kọ́, àwọn kan sì wà tí wọ́n bí ìṣọ́ra mọ́. Ní Ridge Lake ní Illinois, àwọn onímọ̀ sàmì sí ẹja, wọ́n ya àwọn tí ìwọ̀ ń mú léraléra sọ́tọ̀, wọ́n ya àwọn tí ìwọ̀ kì í mú sọ́tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bí tirẹ̀. Àwọn ọmọ jogún ìwà òbí wọn, ìyàtọ̀ náà sì ń fẹ̀ láti ìran dé ìran. Lẹ́bàá ìlú ńlá bíi Dallas, ìjẹ tí ẹja kan ti rí kọjá lójú rẹ̀ kò kéré. Ẹ fún un ní ohun tí kò tíì rí, tàbí ẹ jù ú síbi tí àwọn ẹlòmíì kò jù ú sí.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn | 16 Oṣù Keje, 10:02 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará òkè òkun, ṣé a ní ẹja yìí nílé? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ní òun fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ wá fi sínú adágún.

Olùkọ́_Ẹja | 16 Oṣù Keje, 10:25 àárọ̀

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kó má ṣe é, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́. Àríwá Amẹ́ríkà nilé báàsì. Wọ́n kó o lọ sí Japan ní 1925, sí South Africa ní 1928, ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ló sì ti jẹ ẹja ìbílẹ̀ run ní ọ̀pọ̀ odò. Láti 2005 ni òfin Japan ti ka gbígbé e láàyè kiri léèwọ̀. Ẹja kéékèèké inú odò wa kò mọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ rí, ìjàm̀bá tó bá ṣe níbẹ̀ kò ní ṣeé tún ṣe. Àrọ̀ ni kó sìn.

ỌmọẸ̀pẹ́ | 17 Oṣù Keje, 9:15 alẹ́

Mo ti ra ekòló. Àwọ̀ wo ni kí n lò? Ẹni tó ta á fún mi ní aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn ló dára jù.

Kọ́lá_Maryland | 17 Oṣù Keje, 9:50 alẹ́

Àwọ̀ púpọ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú èèyàn ni wọ́n fi ń mú. Ìwádìí ti fi hàn pé báàsì dá pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ṣi dúdú mú fún búlúù tó ṣókùnkùn, ó sì ń ṣi funfun mú fún ìyeyè tó ń tàn. Omi tó tòrò: àwọ̀ tó jọ ti oúnjẹ ibẹ̀, bí ewé tó ń gbẹ. Omi tó rú, tàbí òkùnkùn àárọ̀: dúdú, kí òjìji rẹ̀ hàn. Bí omi bá sì rú gan-an, ìlà ìmọ̀lára tó wà ní ìhà rẹ̀ (kì í ṣe ìlà dúdú yẹn) ló fi ń mọ ohun tó ń mì nínú omi. Ohun tó bá ń gbọ̀n ni kó o lò níbẹ̀.

Sùnmọ́nù_Houston | 18 Oṣù Keje, 1:30 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Gbogbo yín lẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹja kì í ṣe oúnjẹ. George Perry tó pa báàsì tó tóbi jù lọ láyé nígbà náà, pọ́ùn 22 àti áúnsì 4, ní Montgomery Lake ní Georgia, 2 Oṣù Kẹfà 1932, ilé ló gbé e lọ, òun àti ẹbí rẹ̀ jẹ ẹ́. Ìgbà ìyà ni. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Èmi náà ní ọmọ mẹ́rin, ata àti efinrin sì wà nílé.

Baba_Fork | 18 Oṣù Keje, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Kò sẹ́ni tó máa dá Perry lẹ́bi, kò sì sẹ́ni tó máa dá ìwọ náà lẹ́bi, Sùnmọ́nù. Jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́. Èyí tó o máa jẹ ni kó o yàn dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ adágún Texas, èyí tó bá pé ínǹṣì 14 lo lè mú, kò sì gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ lójúmọ́. Ní Lake Fork níbí, adágún tí mo ti ń pẹja, èyí tó bá wà láàrin ínǹṣì 16 sí 24 gbọ́dọ̀ padà sómi; èyí tó bá kéré sí 16 lo lè mú lọ sílé, èyí tó bá sì tó 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́. Àwọn kéékèèké yẹn ló dùn, mímú wọn sì ń jẹ́ kí oúnjẹ tó àwọn tó kù.

Báàsì ńlá, abo ni. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ní 1986, wọ́n mú ọ̀kan ní Fork tó wọn pọ́ùn 17.67. Wọn kò pa á. Wọ́n gbé e láàyè fún ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ethel, òun sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ShareLunker, tí wọ́n ti ń gba ọmọ lára àwọn ẹja ńlá láti fi sínú adágún Texas. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ohun kan tún wà nítorí àwọn ọmọ rẹ: ẹja ajẹja tó ti pẹ́ máa ń kó mẹ́kúrì jọ sára. Ìjọba ti kìlọ̀ nípa báàsì Caddo Lake lórí èyí. Ka ìkìlọ̀ adágún tó o bá ń lọ kó o tó gbé ìkòkò kaná.

Sùnmọ́nù_Houston | 18 Oṣù Keje, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, bàbá. N kò mọ̀ nípa mẹ́kúrì tẹ́lẹ̀. Màá mú kékeré.

ÌyáÌbejì_Atlanta | 18 Oṣù Keje, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Èyí tẹ́ ẹ bá máa dá padà, ẹ rẹ ọwọ́ sómi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí yọ̀ọ́yọ̀ọ́ ara rẹ̀ má baà bó. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí kọnkéré tó gbóná nítorí fọ́tò. Bó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀, kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ má wà lórí ètè. Bó bá ti gbé ìwọ̀ mì dé ọ̀fun, ẹ gé okùn. Bí ẹ bá ń tu ú, ẹ ó pa á.

ỌmọẸ̀pẹ́ | 11 Oṣù Kẹjọ, 10:33 àárọ̀

Ẹ bá mi yọ̀!

Aago mẹ́fà àárọ̀ òní mo wà létí òkúta, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ekòló dúdú. Mo jù ú, mo kà dé ogún, mo gbé e, mo jẹ́ kó rì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta okùn ta pọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo dúró, mi ò fà á, ó ti tu ú. Ó dùn mí dé egungun. Mo jù ú padà sójú kan náà. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fà á lọ fúnra rẹ̀. Mo fà! Ó fò jáde nínú omi, ó mi orí gbọ̀ngbọ̀n, gbogbo apá mi ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Pọ́ùn mẹ́rin àti áúnsì 9. Mo rẹ ọwọ́ bí ìyá wa ṣe wí, mo gbé ikùn rẹ̀, mo sì dá a padà.

Kí n tó dá a padà, mo wo ẹnu rẹ̀. Mo rí ìrù ẹja fàdákà kan tó ṣì yọ síta ní ọ̀fun, orí ti wọlé, pẹ̀lú ọwọ́ crawfish kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti yó, ó tún gba ekòló mi.

Baba_Fork | 11 Oṣù Kẹjọ, 10:51 àárọ̀

Ọlọ́run ṣeun! Orí ló fi ń gbé ẹja mì, kí ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹja náà lè dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọwọ́ crawfish yẹn, àwọ̀ wo ló ní?

ỌmọẸ̀pẹ́ | 11 Oṣù Kẹjọ, 10:55 àárọ̀

Bí ewé gbígbẹ, ṣóńṣó rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí osùn.

Baba_Fork | 11 Oṣù Kẹjọ, 11:02 àárọ̀

Lọ wá èyí tó jọ ọ́ gan-an, kó o fi sílẹ̀ de ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán. Bí oṣù kẹwàá bá dé, shad á wọ inú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ adágún, báàsì á tẹ̀ lé wọn. Nígbà náà ni wàá gbé crankbait rẹ jáde, yóò sì wúlò. Sátidé ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi mi ń kúrò ní etí Fork ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀.

ỌmọẸ̀pẹ́ | 11 Oṣù Kẹjọ, 11:04 àárọ̀

Mo ń bọ̀, sà. Ìyàwó mi ní òun á dín àkàrà dání fún wa.

Baba_Fork | 11 Oṣù Kẹjọ, 11:06 àárọ̀

Bá mi kí i kú iṣẹ́. Ògì gbígbóná wà lọ́dọ̀ mi nínú fúláàsì.